Bí ẹ ṣe lè bá ọmọ tálákà láti abúlé Íńdíà rìn dé yunifásítì

Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 24 oṣù kẹfà ọdún 2024 ni gbèdéke náà. Ọmọkùnrin kan láti abúlé kan ní agbègbè Muzaffarnagar, ìpínlẹ̀ Uttar Pradesh, ti yege nínú ìdánwò ẹnjiníà tó le jù lọ ní Íńdíà, IIT Dhanbad, ọ̀kan lára àwọn ilé ẹ̀kọ́ gíga ẹnjiníà ti ìjọba àpapọ̀, sì ti fún un láyè. 17,500 rúpíì ló kù kó san kí àyè náà tó di tirẹ̀. Iṣẹ́ òòjọ́ ni bàbá rẹ̀ ń ṣe. Kí wọ́n tó rí owó náà tù jọ, kí ọmọ náà tó wọ orí íntánẹ́ẹ̀tì láti san án, aago márùn-ún lù, ojú ewé ìsanwó sì padé. Oṣù mẹ́ta ló fi ń ti ibì kan bọ́ sí ibì kejì, títí Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní Delhi fi pàṣẹ lọ́jọ́ 30 oṣù kẹsàn-án pé kí wọ́n gbà á wọlé.

Ọmọ yẹn mọ̀wé. Àyè wà fún un. Ọmọ Dalit ni, ìyẹn àwọn tí ètò kásítì, ìpele tí wọ́n bí ìdílé kọ̀ọ̀kan sí, tẹ̀ mọ́lẹ̀. Ìjọba ò tilẹ̀ gba owó ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ irú wọn ní IIT. Owó kékeré kan àti aago ló fẹ́rẹ̀ẹ́ da gbogbo rẹ̀ rú. Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ ran irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́, ẹ má kọ́kọ́ ronú owó ńlá. Ẹ ra kàlẹ́ńdà, kẹ́ ẹ ra fáìlì.

Àwa Yorùbá tá a ń gbé Íńdíà ò pọ̀, àmọ́ a wà níbẹ̀: akẹ́kọ̀ọ́, oníṣòwò, àwọn tí iṣẹ́ kọ̀ǹpútà gbé lọ. Kò sí bẹ́ ẹ ṣe máa ṣe é tẹ́ ẹ ò ní bá irú ọmọ yìí pàdé. Ọmọ ẹni tó ń bá yín gbálẹ̀ ni, tàbí ọmọ gáàdì ẹnu géètì, tí wọ́n fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá àgbà lábúlé. Ohun tí mo rí kọ́ bí mo ṣe ń bá irú wọn rìn ní Maharashtra nìyí.

1. Ẹ béèrè kíláàsì tó wà kẹ́ ẹ tó ṣèlérí ohunkóhun

Òfin ọdún 2009 fún gbogbo ọmọ ọdún 6 sí 14 ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́. Kíláàsì kẹjọ ló mọ. Láti ibẹ̀ lọ, ilé ẹ̀kọ́ lè jìnnà sí abúlé, ibẹ̀ sì ni ọmọbìnrin ti ń sábà já bọ́. Ìjọba ìpínlẹ̀ Bihar mọ̀ bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọmọbìnrin tó wọ kíláàsì kẹsàn-án ní owó kẹ̀kẹ́ ológeere lọ́dún 2006. Kẹ̀kẹ́ lásán, ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin sì tipa bẹ́ẹ̀ padà sẹ́nu ìwé. Bí ọmọ yín bá ń fẹsẹ̀ rin kìlómítà márùn-ún, ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí kẹ̀kẹ́.

Bó bá wà ní kíláàsì karùn-ún, ẹ sáré. Ilé ẹ̀kọ́ Jawahar Navodaya Vidyalaya, tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ fún ọmọ ìgbèríko tí orí rẹ̀ pé, wà káàkiri Íńdíà, àyàfi Tamil Nadu tí kò gbà á láyè. Ibẹ̀ lọ́mọ ń gbé, ibẹ̀ ló ń jẹ, wọ́n á fún un ní aṣọ àti ìwé láti kíláàsì kẹfà dé ìkejìlá. Ó kéré tán, àyè 75 nínú 100 jẹ́ ti ọmọ abúlé, ìdá kan nínú mẹ́ta sì jẹ́ ti ọmọbìnrin. Fọ́ọ̀mù rẹ̀ ò gba kọ́bọ̀. Àmọ́ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lọ́mọ lè ṣe ìdánwò ìwọlé sí kíláàsì kẹfà yìí láyé rẹ̀, agbègbè tó ń gbé tó sì ti ń kàwé nìkan ló sì ti lè ṣe é. Ẹ má jẹ́ kó lọ dánra wò lásán.

Ọmọbìnrin tó ti fi ilé ìwé sílẹ̀, tàbí tó wá láti ìdílé tí ebi ń pa, ẹ wá Kasturba Gandhi Balika Vidyalaya tó sún mọ́ wọn. Ọdún 2004 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ọmọbìnrin nìkan ló ń gbébẹ̀.

Ní kíláàsì kẹjọ, ìdánwò kan wà tí wọ́n ń pè ní NMMS. Ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ìjọba tí owó tó ń wọlé fáwọn òbí rẹ̀ kò ju 350,000 rúpíì lọ lọ́dún ló wà fún, ẹni tó bá sì yege á máa gba 12,000 rúpíì lọ́dún láti kíláàsì kẹsàn-án dé ìkejìlá. Ẹ má fojú kéré 1,000 rúpíì lóṣù. Lójú bàbá tó ń rò ó bóyá kí ọmọ lọ máa gbé bíríkì, owó gidi ni.

2. Ẹ lọ bá àwọn òbí nílé

Ẹ má ṣe gba ẹ̀yìn òbí kọjá lọ bá ọmọ. Bẹ́ ẹ bá ń sọ Hindi, “aap” ni kẹ́ ẹ lò fún àgbà, òun ni “ẹ” tiwa. Kẹ́ ẹ sì fi “ji” kún orúkọ. Ní Maharashtra, “kaka” ni bàbá, “mavshi” ni ìyá tó ń bá yín gbálẹ̀, bó ti wù kó kéré sí yín tó lọ́jọ́ orí. Ẹ jókòó sílẹ̀, kẹ́ ẹ mu tíì tí wọ́n bá gbé wá. Àwa tá a mọ ìkúnlẹ̀ àti ìdọ̀bálẹ̀ ò yẹ ká nílò ẹni tó máa kọ́ wa nírú èyí.

Ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ máa gbọ́ ni owó, ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ sì máa ń jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ wo agbègbè Beed. Lẹ́yìn òjò, tọkọtaya á kó ẹrù sórí ọkọ̀, wọ́n á lọ máa gé ìrèké ní ìwọ̀ oòrùn Maharashtra àti ní Karnataka fún nǹkan bí oṣù márùn-ún sí mẹ́fà. Tọkọtaya ni wọ́n ń kà sí òṣìṣẹ́ kan, “koyta” ni wọ́n ń pè é, ìyẹn àdá. Bí ọmọ bá tẹ̀ lé wọn, oko ìrèké ló máa wà nígbà tí ìdánwò kíláàsì kẹwàá bá bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kejì tàbí ìkẹta. Nítorí náà, “Ẹ jẹ́ kó kàwé” kọ́ ni ẹ̀bẹ̀ tẹ́ ẹ máa bẹ̀. Ẹ béèrè pé: “Ta ni yóò máa sè fún un láti oṣù kọkànlá dé oṣù kẹrin?” Ìyá àgbà ni àbí ẹ̀gbọ́n ìyá? Lásìkò ìrèké, ìjọba máa ń ṣètò ilé ìgbé fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ láwọn abúlé kan. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ á mọ̀. Ìgbà tí ìbéèrè yẹn bá rí ìdáhùn ni ọ̀rọ̀ yunifásítì ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Ti ọmọbìnrin tún ní ìgbéyàwó nínú. Ọdún 18 ni òfin sọ, àmọ́ òfin kì í gbélé bá ìyá tí ẹ̀rù ẹnu ayé ń bà. Ní West Bengal, ètò Kanyashree tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2013 ń fún ọmọbìnrin tó pé ọdún 18, tó ṣì ń kàwé, tí kò sì tíì lọ́kọ, ní 25,000 rúpíì. Tamil Nadu ń fún ọmọbìnrin tó ka ilé ẹ̀kọ́ ìjọba ní 1,000 rúpíì lóṣù títí yóò fi jáde yunifásítì. Irú nǹkan báyìí máa ń rọ ìyá lọ́kàn ju ìwàásù lọ. Bẹ́ ẹ bá sì rí àwòrán Ambedkar, aṣáájú Dalit tó jà fún ẹ̀tọ́ wọn, lára ògiri nílé Dalit, ẹ béèrè ìtàn rẹ̀ lọ́wọ́ bàbá ilé. Òun fúnra rẹ̀ ló máa sọ fún yín pé owó tí ọba Baroda fún Ambedkar ló gbé e dé New York lọ́dún 1913. Ẹ gbọ́ ọ láti ẹnu rẹ̀, ẹ má ṣe kọ́ ọ lẹ́kọ̀ọ́.

3. Ìwé, ìwé, ìwé

Ibí ni mo ti rí ọmọ púpọ̀ tó ṣubú. Ẹ jókòó ti èyí ju gbogbo ìyókù lọ.

Ẹ kó gbogbo ìwé ọmọ náà sílẹ̀ lórí ẹní lọ́jọ́ kan: káàdì Aadhaar, ìyẹn káàdì ìdánimọ̀ Íńdíà, ìwé ìbí, èsì ìdánwò, ìwé báńkì. Ẹ ka orúkọ rẹ̀ lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Ẹ máa rí i pé orúkọ bàbá wà lórí ọ̀kan, kò sí lórí èkejì. “Kumari”, tí wọ́n máa ń fi kún orúkọ ọmọbìnrin, wà níbí, kò sí lọ́hùn-ún. Ọjọ́ ìbí sì jẹ́ ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà torí pé olùkọ́ ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n fi í sílé ìwé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti jìyà NIN tí kò bá orúkọ JAMB mu rí, ẹ mọ ibi tí mò ń lọ.

Èsì kíláàsì kẹwàá ni gbogbo Íńdíà fi ń mọ ọjọ́ ìbí èèyàn títí ayé rẹ̀. Ní àjọ ìdánwò CBSE, kíláàsì kẹsàn-án ni wọ́n ti ń fi orúkọ ọmọ sílẹ̀. Ẹ tún gbogbo rẹ̀ ṣe kó tó dé ibẹ̀. Lórí Aadhaar, ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n ń gbà kí èèyàn yí ọjọ́ ìbí padà, orúkọ ẹ̀ẹ̀mejì, nítorí náà ẹ má fi ọ̀kan ṣòfò. Ẹ pinnu bí orúkọ ṣe máa rí, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, kí ọmọ há a sórí bí àdúrà.

Lẹ́yìn náà ni ìwé ẹ̀rí tí ọ́fíìsì tehsildar, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó agbègbè, ń fúnni: ti iye tó ń wọlé fún ìdílé, ti ibùgbé, àti ti kásítì. Ṣọ́ọ̀bù CSC, níbi tí wọ́n ti ń báni ṣe iṣẹ́ ìjọba lórí kọ̀ǹpútà, tó wà lábúlé tàbí nítòsí á bá yín fi ránṣẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ìdí tí ti kásítì fi ṣe pàtàkì ni pé ilé ẹ̀kọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ya àyè 15 nínú 100 sọ́tọ̀ fún SC, ìyẹn àwọn tí ètò kásítì tẹ̀ mọ́lẹ̀ láti ìrandíran; 7.5 fún ST, àwọn ẹ̀yà inú igbó àti orí òkè. 27 fún OBC, àwọn kásítì míì tí ìjọba kà sí ẹni tó rẹ̀yìn. 10 fún EWS, ìyẹn tálákà tí kò sí nínú àwọn tó ṣáájú. Ọ̀fìn mẹ́ta ló wà níbẹ̀. Ìwé OBC tí ìpínlẹ̀ ń lò yàtọ̀ sí èyí tí ìjọba àpapọ̀ ń fẹ́, ẹ gba ti ìjọba àpapọ̀. Ìwé EWS, ọdún ìṣúná kan ló ń lò, ó sì ti ṣá. Ìwé OBC tó bá pẹ́ náà, wọn kì í gbà á, tuntun lẹ máa gbà lẹ́yìn ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin ọdún tọ́mọ fẹ́ wọlé. Ẹ̀kẹta, bí ó bá jẹ́ Maharashtra ni, ìwé kásítì nìkan ò tó fún ẹ̀kọ́ ẹnjiníà tàbí ìṣègùn. Ìgbìmọ̀ kan gbọ́dọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò, kó sì fọwọ́ sí i. Èyí lè gba ọ̀pọ̀ oṣù. Kíláàsì kọkànlá ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Ìwé báńkì ló kù. Ọmọbìnrin kan wà tí mo bá rìn, ó yege ìdánwò NMMS, ẹ̀rọ sì sọ pé wọ́n ti fi owó rẹ̀ ránṣẹ́. A wo pásíbúùkù rẹ̀: 38 rúpíì. A lọ sí báńkì lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n ní kò sóhun tó wọlé. Nígbà kẹta ni akọ̀wé kan ṣàánú wa, ó fi nọ́ńbà Aadhaar rẹ̀ wá a, ó sì béèrè pé: “Ṣé o ṣí àkáǹtì míì ni?” Ọmọ ní rárá. Ìyá rẹ̀ ló rántí. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ti wá sọ́jà rí, ó ń pín síìmù lọ́fẹ̀ẹ́, ó ní kí ọmọ tẹ ìka. Ìka yẹn ti ṣí àkáǹtì orí fóònù tí ẹnikẹ́ni nínú ilé ò mọ̀, ibẹ̀ sì ni owó ọdún kan jókòó sí.

Ìjọba kì í fi owó ránṣẹ́ sí nọ́ńbà àkáǹtì tẹ́ ẹ kọ nìkan. Àkáǹtì tí wọ́n so mọ́ Aadhaar gbẹ̀yìn ló ń bá owó lọ. Kẹ́ ẹ tó kọ fọ́ọ̀mù kankan, ẹ béèrè ní báńkì pé àkáǹtì wo ni Aadhaar ọmọ so mọ́. Kí nọ́ńbà fóònù tó wà níbẹ̀ sì jẹ́ èyí tí yóò ṣì máa ṣiṣẹ́ lọ́dún mẹ́ta sí i, kó má jẹ́ ti àbúrò bàbá tó ń rìnrìn àjò.

4. Lẹ́yìn kíláàsì kẹwàá

Ọmọ gbọ́dọ̀ yan sáyẹ́ǹsì, ìṣòwò tàbí ẹ̀kọ́ ọnà fún kíláàsì kọkànlá. Lábúlé, ẹ̀kọ́ ọnà lọ̀pọ̀ ń yàn torí pé òun ló wà nítòsí. Bí ọmọ bá fẹ́ ṣe ẹnjiníà, kó má fi ìṣirò sílẹ̀. Bó bá fẹ́ ṣe dókítà, kó mú bàólọ́jì. Ẹ sọ fún un kó tó yàn.

Ọ̀nà kan ò wọjà. Ọmọ tó bá tètè nílò iṣẹ́ lè gba pólì lọ lẹ́yìn kíláàsì kẹwàá, ọdún mẹ́ta ni, ẹni tó bá sì ṣe dáadáa lè tibẹ̀ wọ ọdún kejì ẹnjiníà ní yunifásítì. Èmi fẹ́ràn ọ̀nà yìí ju bí àwọn èèyàn ṣe kà á sí lọ. Ẹni tó ti fi ilé ìwé sílẹ̀ tẹ́lẹ̀ lè ṣe ìdánwò kẹwàá àti ìkejìlá lọ́dọ̀ NIOS, ilé ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀ fún ẹni tó ń kàwé láti ilé.

Wọ́n á sọ fún yín nípa Kota, ìlú kan ní Rajasthan tí ẹgbàágbèje ọmọ ti ń gba lẹ́sìnnì fún ìdánwò ẹnjiníà àti ìṣègùn. Ẹ má jẹ́ kí bàbá kankan ta ilẹ̀ torí Kota. Ìnáwó ibẹ̀ pọ̀, ìnira ọkàn ibẹ̀ náà kì í ṣe kékeré, ọmọ ọdún 16 tó nìkan wà tí gbèsè sì wà lọ́rùn rẹ̀ kì í kàwé dáadáa. Ní Patna, Anand Kumar bẹ̀rẹ̀ Super 30 lọ́dún 2002: ó kó ọmọ tálákà 30 jọ, ó bọ́ wọn, ó sì kọ́ wọn lọ́fẹ̀ẹ́ fún ìdánwò IIT. Irú ètò ọ̀fẹ́ bẹ́ẹ̀ ni kẹ́ ẹ wá ní ìpínlẹ̀ tiyín.

5. Ìdánwò ìwọlé

Mẹ́ta ló ṣe kókó: JEE fún ẹnjiníà, NEET fún ìṣègùn, àti CUET, tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2022, fún yunifásítì ìjọba àpapọ̀ àtàwọn míì. NEET, CUET àti JEE Main wà ní èdè 13, nítorí náà ọmọ tó fi Marathi tàbí Bengali kàwé lè fi èdè rẹ̀ dáhùn. Àmọ́ JEE Advanced, ìyẹn ti IIT, Gẹ̀ẹ́sì àti Hindi nìkan ni.

Ẹ kọ fọ́ọ̀mù ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Lọ́jọ́ tó kẹ́yìn, íntánẹ́ẹ̀tì abúlé kì í gbọ́ràn. Ibi ìdánwò lè wà ní ìlú tó jìn ní wákàtí mẹ́rin, ẹ jẹ́ kó sùn síbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, kí àgbà kan sì bá ọmọbìnrin lọ. Ẹ tẹ ìwé ìwọlé rẹ̀ sí bébà méjì.

6. Owó, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan

Ẹ ya nǹkan bí 25,000 rúpíì sọ́tọ̀ kí èsì tó jáde. Owó ìdáyèdúró nìyẹn, òun ni 17,500 ọmọ Muzaffarnagar. Sikọ́láṣíìpù kì í tètè dé, lẹ́yìn tọ́mọ bá ti wọlé tán ló ń bọ̀. Owó tẹ́ ẹ máa fi bo àlàfo yẹn ló ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo owó tẹ́ ẹ máa ná. Ẹ fi sí àkáǹtì tí ó ṣeé fi ránṣẹ́ lójú ẹsẹ̀, kí ẹ̀yin méjì sì mọ bí wọ́n ṣe ń lò ó.

Ní IIT, ọmọ SC, ọmọ ST àti akẹ́kọ̀ọ́ tó ní àbùkù ara kì í san owó ẹ̀kọ́. Ẹnikẹ́ni tí owó ìdílé rẹ̀ ò tó 100,000 rúpíì lọ́dún náà kì í san. Bó bá wà láàárín 100,000 sí 500,000, wọ́n á yọ ìdá méjì nínú mẹ́ta. Ọmọ SC tí owó ìdílé rẹ̀ kò ju 250,000 lọ ní sikọ́láṣíìpù Post-Matric láti kíláàsì kọkànlá títí lọ. Ọmọbìnrin tó wọ ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ lábẹ́ AICTE, àjọ tó ń bójú tó irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀, lè gba Pragati, 50,000 rúpíì lọ́dún. Orí National Scholarship Portal ni ọ̀pọ̀ wọn wà, àárín ọdún ló máa ń ṣí. Ẹ wo ti ìpínlẹ̀ pẹ̀lú, ojú ewé tirẹ̀ lọ́tọ̀ ni.

Ẹ̀yáwó ló gbẹ̀yìn. Bihar ń yá akẹ́kọ̀ọ́ tó 400,000 rúpíì láti ọdún 2016. Oṣù kọkànlá ọdún 2024 ni ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ètò PM-Vidyalaxmi, tó ń jẹ́ kí ọmọ tó wọ ọ̀kan nínú àwọn ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n yàn yáwó láìfi ilẹ̀ dúró, láìní onídùúró. Ọ̀dọ̀ olówó èlé abúlé ni kẹ́ ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n dé.

7. Oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ ní yunifásítì

Olùkọ́ á máa fi Gẹ̀ẹ́sì sọ̀rọ̀, ọmọ tó ń gbapò kìíní lábúlé kò sì ní lóye ìdajì rẹ̀. Á rò pé òun ti di òmùgọ̀. Kó tó lọ, ní oṣù méjì tó fi ń retí, ẹ máa bá a ka ojú ewé kan ní Gẹ̀ẹ́sì lójoojúmọ́ láti inú ìwé ẹ̀kọ́ tó fẹ́ ṣe gan-an, kì í ṣe ìwé ìtàn. Ẹ pè é ní gbogbo alẹ́ ọjọ́ Àìkú. Ẹ má béèrè èsì, ẹ béèrè ohun tó jẹ àti ẹni tó bá a jẹ ẹ́. Bó bá ní òun nìkan ló jẹun fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹ wọ ọkọ̀ ojú irin lọ bá a.

Bó bá wà ní Yunifásítì Savitribai Phule ní Pune tàbí ibòmíì tó ní irú rẹ̀, kó fi orúkọ sílẹ̀ fún ètò tí akẹ́kọ̀ọ́ fi ń ṣiṣẹ́ díẹ̀ tí wọ́n sì ń sanwó fún un. Orúkọ Bhaurao Patil ni wọ́n fi pe ti Pune, ẹni tó dá Rayat Shikshan Sanstha sílẹ̀ lọ́dún 1919 fún ọmọ àgbẹ̀.

Kẹ́ ẹ sì kọ ọ́ sára kàlẹ́ńdà báyìí: sikọ́láṣíìpù kì í tún ara rẹ̀ ṣe. Ọdọọdún ni wọ́n ń tún un kọ, pẹ̀lú ìwé owó tó ń wọlé tó bá ti ṣá, èsì ọdún tó kọjá, àti òǹtẹ̀ ọ́fíìsì yunifásítì. Ní oṣù keje, ẹ pè é kẹ́ ẹ béèrè bóyá ó ti kó wọn dání.